Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Gbààwẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú lòun fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹun, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ẹ̀fọn ni. Èmi kì í ṣe ẹ̀fọn. Òṣìṣẹ́ láàbù ni mo jẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ọ̀wọ̀, láti ọdún 1984 títí di 1999. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi, mò ń wo bí òjìji ṣe ń rìn kúrò lára ògiri kan bọ́ sára èkejì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tí ẹ ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ láàbù dára, ẹ fara balẹ̀. Mi ò ní sọ pé ó dára, mi ò sì ní sọ pé kò dára. Màá sọ bó ṣe rí, kí ẹ fi orí ara yín rò ó.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Lẹ́tà dé, mo lọ. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń wá nígbà tó bá wù ú, bí àlejò tí kò mọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni Ọ̀gá Ráímì. Ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ni, láti inú ìdílé Mùsùlùmí kan tí wọ́n ń ránṣọ nítòsí ọjà. Gbogbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, òun nìkan ló sá wọ láàbù. Ó ga, ó tín-ín-rín, kóòtù funfun rẹ̀ kì í ní àbààwọ́n, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ohun tó bani lẹ́rù jù lára rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ń pariwo, èèyàn á mọ ibi tí òun yóò sá gbà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ibo lẹ fẹ́ sá sí?

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Ìgò ni mo ń fọ̀. Mo fọ ìgò títí ìgò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi lọ sílé. Bí mo bá sùn, mo máa ń rí wọn tí wọ́n tò lọ bí àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà, gbogbo wọn mọ́ gaara, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá, èyí tó kẹ́yìn á wá yíjú sí mi, á ní, "Bísí, ìdí mi kò mọ́."

Mo bi Ọ̀gá lọ́jọ́ kan, mo ní, "Sà, ṣé iṣẹ́ láàbù ni wọ́n gbà mí sí, àbí iṣẹ́ àwo fífọ̀?"

Ó gbé ìgò kan sókè sí ojú fèrèsé. "Kí lo rí nínú èyí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Ó dáa. Nǹkan tí kò sí níbẹ̀, má rí i láéláé." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Tún un fọ̀."

Nígbà náà, ojú wa gan-an ni ẹ̀rọ. Bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, a ó bu ẹ̀jẹ̀ náà díẹ̀, a ó po oògùn mọ́ ọn, a ó sì gbé e sínú omi tó ń hó. Bó bá jáde, á ti di aró. Ẹ̀jẹ̀ tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ á dúdú bí àdìrẹ tuntun. Èyí tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì á rí bí aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mejì péré. Èyí tí ṣúgà rẹ̀ kò tó á kàn ṣe àyìnrín, bí ojú ọ̀run ní ìdájí ọyẹ́, tí èèyàn kò lè sọ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka àwọ̀ náà fún wa, tó ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà á sùn, èmi àti Ọ̀gá á wá gbé ìgò wa lọ sójú fèrèsé, a ó máa fi wọ́n wé ara wọn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìsọ̀rọ̀. Bí mo bá rántí iṣẹ́ mi lónìí, àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó dùn mọ́ mi jù lọ, oṣù ààwẹ̀ ló kọ́ mi. Ètè Ọ̀gá gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn sínú díẹ̀. Mo fa ẹ̀jẹ̀ kan kalẹ̀, mo ń lọ ṣe nǹkan mìíràn.

"Bísí, ẹ̀jẹ̀ tó o gbé kalẹ̀ yẹn, o rò pé ó ti kú?"

"Ó ti kúrò lára ènìyàn, sà."

"Ó kúrò lára ènìyàn, kò kúrò nídìí oúnjẹ. Bó o bá fi í sílẹ̀ lásán, yóò máa jẹ ṣúgà inú ara rẹ̀. Wákàtí kan, ó ti jẹ díẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, ó ti jẹ púpọ̀. Èmi lè gbààwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í gbààwẹ̀."

Ẹnu yà mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo àwọn ìgò mi bí ẹni ń wo ilé tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun funfun kan wà tí a máa ń bù sínú ìgò kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́nu. Bó o bá gbàgbé rẹ̀, ìgò rẹ á ṣe àyìnrín, Ọ̀gá á sì mọ̀. Kò ní bi aláìsàn ní nǹkan kan. Èmi ni yóò wò, á ní, "Bísí, ta ló jẹ ẹ́?" Bí ẹni tó bá ológbò nídìí ìkòkò ẹran. Ní láàbù wa, ìdí kan ṣoṣo ni ṣúgà fi ń kéré: ọ̀lẹ òṣìṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tó gbé mi ṣubú nìyẹn.

Ohun kejì tí ẹ ní láti mọ̀ ni ọ̀sán ìlú wa. Láàárín ara wa, Ọ̀ghọ̀ là ń pe ìlú náà, ará Ọ̀ghọ̀ kò sì fi iyán ṣeré. Bí iyán bá ti wọlé, tí oòrùn dúró sí àtàrí, gbogbo àdúgbò á dákẹ́. Wàá rí àwọn ọkùnrin lórí ẹní, lórí bẹ́ǹṣì, ní ibùdókọ̀, ẹnu wọn là díẹ̀, bí ẹni pé ìlú náà fẹ́ sọ nǹkan kan tí ó sì gbàgbé. Bí ojú ènìyàn bá ń yí lẹ́yìn oúnjẹ, kò sẹ́ni tí í pè é ní àìsàn. Wọ́n á ní iyán náà wọlé, wọ́n á sì kí ẹni tó gún un.

Bí àìsàn ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Tísà ṣe rí ibi sá pamọ́ sí nìyẹn.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdóàní ni Tísà ti ń kọ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó sanra díẹ̀ níkùn, apanilẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá lọ́dún 1988, nígbà ọyẹ́. Ohun tó ń ṣe é ni pé bí ó bá jẹun ọ̀sán tán, bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á sì túká lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ kọ ìṣirò sójú pátákó, orúkọ bàbá rẹ̀ ló kọ, lẹ́ẹ̀mẹrin, láìmọ̀. Ọ̀gá iléèwé rẹ̀ ní ẹmu ni. Àwọn ará àdúgbò ní bàbá rẹ̀ ló ń pè é. Bàbá náà kú ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó ṣubú lóko lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n Tísà kú ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ó ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Tísà nìkan ló kù fún ìyá yìí, ohun kan ṣoṣo tó sì bá wá ni pé ká sọ fún òun bóyá èyí náà fẹ́ lọ.

Dókítà wa nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í ṣe ará Ọ̀wọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a fún Tísà ní omi ṣúgà mu láàárọ̀, kí a sì máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí wákàtí mẹ́rin. Wákàtí méjì la máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ti lọ gba oògùn wá láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

"Tísà, ẹ kò gbọdọ̀ jẹun o, títí màá fi ní ó tó."

"Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ti kọ́ ọmọ Ìdóàní ní ìṣirò fún ọdún mẹ́wàá, ebi wo ló tún lè bà á lẹ́rù?"

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Láàbù ni mo wà."

"Ó dáa. Sísítà Ẹ̀jẹ̀."

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù. Ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan, òrùlé ilé ìwòsàn dà bí ohun tí èèyàn ń rántí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wò. Mo fa ẹ̀jẹ̀ ní ìdajì wákàtí, mo fà á ní wákàtí kan, mo fà á ní wákàtí méjì. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Nígbà tí mo dé ní wákàtí kẹta, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Òógùn ti yọ lókè ètè rẹ̀, nínú òtútù yẹn.

"Sísítà," ó ní, "ta ni bàbá tó jókòó sẹ́bàá kànga yẹn?"

Mo wò ó. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Tísà. Kànga nìkan ni."

"Ó dáa. Fìlà bàbá mi ló dé ni mo ṣe bi yín." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè aago.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọyẹ́ ló ń fi ojú rẹ̀ ṣeré. Mo fa ẹ̀jẹ̀ lára apá tó ń gbọ̀n, mo wọlé lọ. Nígbà tí mo padà jáde, ìyá rẹ̀ ti tú ẹrù, ewé ti wà nílẹ̀, Tísà sì ń nu ẹnu.

"Màmá, mo ní kó má jẹun."

"Kò jẹun."

"Kí ló wà lẹ́nu rẹ̀?"

"Ẹ̀kọ ni." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ẹ̀kọ náà lò ń pè ní oúnjẹ? Níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Nílé ìyá yìí, ohun tí wọn kò bá gún nínú odó kò tíì di oúnjẹ. Èmi ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kò yẹ kí n ní kó má jẹun. Ó yẹ kí n ní kó má fi nǹkan kan kan ẹnu. Tísà ti ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, òógùn rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti mọ́. "Sísítà Ẹ̀jẹ̀," ó ní, "màmá jàre yín." Bí ọgbọ́n bá wà nínú mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti bi ara mi ìdí tí ẹ̀kọ fi yára sọ ọ́ di ènìyàn báyìí. Ọgbọ́n kò sí.

Mo fa ti wákàtí kẹrin, mo wọlé, mo se gbogbo wọn. Àwọn yòókù dáa: aró dúdú, aró dúdú sí i, aró níwọ̀n. Ti wákàtí kẹta nìkan ló ṣe àyìnrín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Mo dúró, mò ń wò ó. Ohùn Ọ̀gá ń lọ ń bọ̀ létí mi: ta ló jẹ ẹ́? Mo gbìyànjú láti rántí bóyá mo bu ìyẹ̀fun sí ìgò yẹn. Mo rí ọwọ́ mi tó ń bù ú. Mo tún rí ọwọ́ mi tí kò bù ú. Bí mo ṣe ń lé ìrántí náà lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àlá tí ilẹ̀ ti mọ́ bá. Bí mo bá sì ní kí wọ́n tún un ṣe, Ọ̀gá á gbọ́ nípa ẹ̀kọ. Mo wo nọ́ńbà tó ṣáájú, mo wo èyí tó tẹ̀ lé e, mo sì kọ òmíràn tó jókòó dáadáa láàárín wọn, bí ọmọ tí kì í da ilé rú.

Dókítà kà á. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá Tísà gbọ́, ó sì wá bá mi ní láàbù, ó kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó jù mí lọ ní ọgbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ kejì ó fi iṣu mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Mo gún un, mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Tísà jẹun ọ̀sán, ó gun alùpùpù rẹ̀ láti Ìdóàní, ó ń bọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Kò sí mọ́tò níwájú rẹ̀, kò sí lẹ́yìn. Ó kàn yà wọ igbó. Àwọn àgbẹ̀ Ìdógùn kan ló bá a nínú koríko, wọ́n gbé e sẹ́yìn mọ́tò iṣu, wọ́n gbé e wá bá wa.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, itan rẹ̀ ti ṣẹ́, aṣọ rẹ̀ tutù bí ẹni jáde nínú odò, ó sì ń sọ ìsọkúsọ. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Ẹmu ló mu." Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹmu. Mo fa ẹ̀jẹ̀. Mo bu ìyẹ̀fun sínú ìgò náà, mo sì sọ ọ́ sókè fún ara mi, "Mo ti bù ú." Mo sáré lọ sè é lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò tíì tutù, kò tíì ráyè jẹ nǹkan kan.

Àyìnrín ni.

Mo gbé ìgò náà sáré lọ bá dókítà bó ṣe wà lọ́wọ́ mi. Ó fi omi ṣúgà sí iṣan Tísà. Kò pẹ́ rárá. Ojú rẹ̀ là, ó wo òrùlé, ó wò mí, ó ní, "Ta ló pa ohun tí mo kọ sójú pátákó rẹ́?" Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ ọ́.

Ọ̀gá ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn láàbù nígbà tí mo lọ bá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀kọ, ìyẹ̀fun, nọ́ńbà tó jókòó dáadáa. Ó da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó da omi sí ẹsẹ̀ òsì. Ó gbé kẹ́tùrù kalẹ̀.

"Ṣé ojú rẹ rí àyìnrín?"

"Ó rí i, sà."

"O wá kọ aró."

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, sà."

"Mo kọ́ ọ kí o máa bẹ̀rù ìgò tó fẹ́ funfun," ó ní. "Mi ò kọ́ ọ kí o wo ojú ẹni tó ni ín. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, èmi ni màá rò ó fún Ọlọ́run. Tìrẹ ni pé kí o lọ sọ fún dókítà. Bó o bá sọ fún dókítà tán, lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Mi ò ní bá ọ lọ."

Dókítà gbọ́, ó fi báírò lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ẹjọ́ mi máa dé iwájú àwọn àgbà ilé ìwòsàn, ó sì dé. Wọ́n kọ̀wé sí mi, wọ́n ní n kò ní gòkè lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ìyá náà ni mo bẹ̀rù jù. Mo bá a lẹ́bàá ibùsùn ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Kò pariwo. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Nígbà tó o ń kọ ọ́, ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ó dáa."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, kì í jẹ́ mi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí, kí àgbàlagbà gbọ́ ìkíni rẹ, kó sì máa wo ọ̀nà tó ń lọ.

Dókítà ṣàlàyé ohun tó ń ṣe Tísà fún gbogbo wa, ó sì ṣe é bí ará ilé. Ó ní omi kan wà nínú ara tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní ti Tísà dà bí ìyàwó tó sùn gbàgbé nígbà tó yẹ kó gbálẹ̀. Nígbà tó máa jí, ó fi ìbínú gbálẹ̀, ó gbá ìdọ̀tí, ó gbá àga, ó gbá àlejò tó jókòó sórí àga. Bí ṣúgà ṣe ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ga, ó ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

"Gbígbọ̀n yìí gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn oúnjẹ ni ọkàn rẹ̀ máa ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń bọ̀, pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn ti ń jẹ ìyà láìtọ́jọ́. Pẹ̀lú bí bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n yín ṣe lọ, a ò ní dúró wò ó."

Ó ní kí Tísà máa jẹun díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ ju iyán lọ, kó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kó dín iyọ̀ kù, kó máa lo oògùn ìfúnpá, kó sì máa rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti jinná.

"Dókítà," Tísà wí láti orí ibùsùn, "ṣé òkèlè iyán kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ kí n fi kú?"

"Òkèlè márùn-ún ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi yè."

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jinná, ó kúrú díẹ̀. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, Tísà á tiro wọ láàbù. Bí mo bá ti ń kọ nọ́ńbà, á na ọrùn. "Sísítà Ẹ̀jẹ̀, èwo lẹ kọ lónìí, èyí tó wà níbẹ̀, àbí èyí tó jókòó dáadáa?" Ó fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mí níyà fún ọdún mọ́kànlá. Ó ti dárí jì mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dárí jì ọ́, tó tún lẹ́nu yẹ̀yẹ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé kò burú ju ọ̀tá lọ?

Ọdún ń lọ bí omi tó ń kán láti orí òrùlé, èèyàn kì í gbọ́ ọ àfi bó bá dákẹ́. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Dókítà lọ sí ibòmíràn, òmíràn dé. Ìgò dín kù. Ẹ̀rọ kékeré kan dé tí kò ju páálí ìṣáná lọ. O ó gún ìka, ẹ̀jẹ̀ á kán sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nọ́ńbà á sì yọ kí o tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọ̀gá wá kí wa lọ́jọ́ kan, mo fi hàn án. Ó gbé e sí etí bí ẹni ń gbọ́ aago.

"Ìgò rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní ìgò, sà."

"Ta ló wá ń fọ nǹkan?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọ nǹkan kan, sà."

Ó dá a padà fún mi jẹ́jẹ́. "Àwọn ọmọ tí yóò máa lò ó," ó ní, "níbo ni wọn yóò ti kọ́ ìbẹ̀rù?"

Mo bi yín náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ yín á yára ju tèmi lọ, kò sì ní gbàgbé ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, ọwọ́ ènìyàn ni.

Tísà kọjá ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A kò sọ ọ́ síta, nítorí a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ó ń súnmọ́ ti bàbá rẹ̀. Ojú mi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pa mọ́ fún mi; aró àti àwọ̀ ewé ń jọra, mo sì mọ̀ pé ó tó àkókò kí n kúrò. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi lọ́dún 1999, ìyá Tísà nìkan wọ láàbù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti di arúgbó, ó fara ti ọ̀pá.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, màmá." Mo ti ń dìde lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Káàárọ̀, Bísí."

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó mọ orúkọ mi. Mo wá àga fún un.

"Tísà ńkọ́, mà?"

"Ó wà ní iléèwé. Ó ti dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ lóṣù tó kọjá." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti tábìlì. "Mo ní ìbéèrè kan. Ọjọ́ tí ọkọ mi kú, iyán mi ló jẹ lọ sóko. Ọjọ́ tí àkọ́bí mi kú, iyán mi ló jẹ. Gbogbo iyán tí àwọn méjèèjì jẹ nínú ilé mi, ọwọ́ mi yìí ló gún un. Wọ́n ní kí Tísà dín in kù, ó dín in kù, ó yè. Ìwọ tó o ti ń wo ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ yìí: ṣé èmi ni mo pa wọ́n?"

Ìdáhùn kan wà lẹ́nu mi tó jókòó dáadáa. Ó dùn, ó rọ̀, ì bá tù ú nínú dé ibojì. Mo gbé e mì.

"Àìlera tó wà nínú ìdílé yẹn, màmá, iyán kọ́ ló dá a sí wọn lára; ọ̀pọ̀ ló ń jẹ iyán tí wọ́n gbó, tí wọ́n tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó pa àwọn méjèèjì gan-an, mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ wọn wò nígbà tí wọ́n wà láàyè. Mi ò mọ̀, mà."

Níta, ẹnì kan ń gbá ewé nílẹ̀.

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀," ó ní. "Àwọn ará àdúgbò mọ̀. Àbúrò ọkọ mi mọ̀, ó ní èmi ni, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ yìí wá, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí kò mọ̀."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè.

"Wo tèmi náà."

Mo mú ìka rẹ̀. Ọmọ odó ti sọ ọ́ di líle bí èèpo igi; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gún un kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. A jọ dúró de ẹ̀rọ náà, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Nígbà tí nọ́ńbà yọ, mo kà á fún un bó ṣe wà, ó sì ní kí n tún un kà.